Àìsàn Gitelman: Nígbà tí kíndìnrín ò lè di iyọ̀ mú

Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa àìsàn kíndìnrín. Èyí tá a mọ̀ jù ni pé ojú á wú, ẹsẹ̀ á wú, ìtọ̀ ò ní jáde bó ṣe yẹ, tó bá yá, wọ́n á ní kí aláìsàn máa lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá. Ẹni tó ní in kì í wú. Ìtọ̀ rẹ̀ ń jáde, kódà ó ń jáde jù. BP rẹ̀ kì í sábà ga, ó máa ń lọ sílẹ̀ ni. Tí wọ́n bá yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò bí wọ́n ṣe sábà máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lè ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Síbẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó rẹ̀ ẹ́ lálẹ́, iṣan ẹsẹ̀ ń fà á, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì, iyọ̀ ló sì ń wù ú jẹ ṣáá.

Orúkọ àìsàn náà ni Gitelman. Àjogúnbá ni. Kíndìnrín ẹni tó ní in máa ń da iyọ̀, potassium àti magnesium sínú ìtọ̀, dípò kó dá wọn padà sínú ẹ̀jẹ̀. Kò wọ́pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n torí pé kì í hàn lójú, ọ̀pọ̀ tó ní in máa ń dàgbà tán kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ fún wọn. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn kan á ti pè wọ́n ní ọ̀lẹ, àwọn kan á ní ìrònú ló pọ̀ jù fún wọn, àwọn ará ilé míì á sì ti ní ayé ló ń bá wọn jà.

Ibo ni orúkọ yìí ti wá?

Ní 1962, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Frederic Bartter, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa aláìsàn méjì tí potassium inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ gan-an, tí BP wọn ò sì ga. Aláwọ̀ dúdú làwọn méjèèjì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ìyẹn ni o, torí àwọn kan ti gbà pé tí àìsàn kan bá ti ń jẹ́ orúkọ òyìnbó, ara òyìnbó nìkan ló máa ń wà. Àìsàn yẹn ni wọ́n wá ń pè ní Bartter.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní 1966, Hillel Gitelman tó jẹ́ dókítà kíndìnrín ní Yunifásítì North Carolina rí obìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Tiwọn fara jọ ti Bartter, àmọ́ magnesium wọn náà ti lọ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ló jẹ́ kí dókítà fura pé inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni nǹkan yìí ti ń bọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníṣègùn ṣì ń da méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn. Ní 1996 ni ẹgbẹ́ ìwádìí Richard Lifton ní Yunifásítì Yale wá tọ́ka sí jíìnì tó ń fa ti Gitelman gan-an. SLC12A3 lorúkọ ẹ̀. Látìgbà yẹn la ti mọ̀ pé àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, pé ojú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń ba nǹkan jẹ́ nínú kíndìnrín ò sì jọra.

Ti Bartter sábà máa ń le jù. Ó lè bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọ, omi inú ilé ọmọ á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọmọ á sì tètè wáyé láìpé oṣù. Oríṣi kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń di ọmọ létí. Gitelman ní tiẹ̀ máa ń rọra wọlé ni, ó sábà máa ń jẹ́ nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà tàbí lẹ́yìn tó ti dàgbà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú kíndìnrín gan-an?

Ibí yìí ló dùn jù fún mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kíndìnrín kàn ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ni, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹ wo obìnrin tó fẹ́ tún báàgì rẹ̀ tò. Kì í wá ìdọ̀tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀. Ó máa da gbogbo ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ni, á wá máa kó èyí tó wúlò padà: fóònù, kọ́kọ́rọ́, owó, páálí oògùn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sórí bẹ́ẹ̀dì ló máa gbá dànù. Bí kíndìnrín ṣe ń ṣe nìyẹn. Lójoojúmọ́, ó ń sẹ́ nǹkan bíi lítà 180 omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú inú wo bó ṣe pọ̀ tó, ẹ ka kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méje, kẹ́ ẹ tún bu díẹ̀ sí i. Ìtọ̀ tá a wá ń tọ̀ lójúmọ́ ò sábà ju lítà kan sí méjì. Gbogbo èyí tó kù, kíndìnrín ti kó o padà, pẹ̀lú iyọ̀ inú ẹ̀.

Inú àwọn ọ̀nà tóóró, tó rí bíi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, ló ti ń kó wọn padà. Ìbẹ̀rẹ̀ páìpù náà ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ padà. Àárín ẹ̀, níbi tí ti Bartter ti ń bà á jẹ́, ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan. Tó bá wá ku díẹ̀ kí páìpù parí, ibì kan wà tó ń gba èyí tó ṣẹ́ kù díẹ̀, bí ìdá 5 sí 10 nínú 100. Ẹnu ọ̀nà kékeré kan báyìí ni iyọ̀ máa ń gbà wọlé níbẹ̀, jíìnì SLC12A3 ló sì ní ìwé bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn yẹn. Nínú ẹni tó ní Gitelman, ìwé náà ti bàjẹ́, ilẹ̀kùn ò ṣeé ṣí.

Ẹ lè ní ìdá 5 sí 10 kéré, kí ló wá burú ńbẹ̀? Ohun tó tẹ̀ lé e ni wàhálà. Iyọ̀ tí kò rí ilẹ̀kùn wọlé á máa ṣàn lọ sí ìparí páìpù, omi á sì tẹ̀ lé e. Ara á ri pé iyọ̀ ń tán, BP ń lọ sílẹ̀, á wá tú họ́mónù kan tó ń jẹ́ aldosterone jáde. Iṣẹ́ aldosterone ni pé kó gba iyọ̀ padà tipátipá ní ìparí páìpù. Àmọ́ ibẹ̀ kì í gba iyọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe: bó ṣe ń gba iyọ̀ wọlé ló ń ti potassium síta. Ásíìdì náà ń bá a jáde. Ara fẹ́ gba ara ẹ̀ là, ó wá ń ná potassium bí ẹni tó ń ta ilẹ̀ bàbá ẹ̀ san owó iná mànàmáná.

Magnesium náà ń dànù nítorí pé ibi kan náà ni wọ́n ti ń gbà á padà, nígbà tí ibẹ̀ bá sì ti bàjẹ́, ẹnu ọ̀nà tiẹ̀ náà á dínkù. Calcium nìkan ló ṣe òdìkejì. Kíndìnrín á dì í mú, ìtọ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ ní in nínú. Àmì yìí wà lára ohun tí dókítà fi ń mọ̀ pé Gitelman ni, kì í ṣe Bartter, torí ní ti Bartter, calcium sábà máa ń pọ̀ nínú ìtọ̀.

Báwo ló ṣe ń rí lára?

Ìdá 98 nínú 100 potassium ara wa ló wà nínú ẹran ara, ìwọ̀nba tín-ín-rín ló wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin inú àti ìta yẹn ni iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́. Nǹkan bí 3.5 sí 5.0 mmol/L ló yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti ń lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀, iṣan á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó máa ń rẹ aláìsàn, kì í sì í ṣe irú èyí tí oorun ń tán. Pajápajá á máa mú un lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́wọ́, pàápàá tó bá ṣe eré ìdárayá tàbí tó làágùn. Ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ètè á máa ṣe bí ìgbà tí èèrà ń rìn lórí ẹ̀. Nígbà míì, ìka ọwọ́ á ká kò, kò ní ṣeé nà fún ìgbà díẹ̀. Òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́, á sì máa dìde lóru láti tọ̀. Òòyì á máa kọ́ ọ tó bá dìde lójijì. Ọkàn á máa já lù.

Iyọ̀ wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa sọ fún yín pé láti kékeré ni iyọ̀ ti ń wu àwọn jẹ. Wọ́n ń bu iyọ̀ sórí oúnjẹ tó ti dùn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń lá a bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Ìyá tó rí ọmọ ẹ̀ nídìí ike iyọ̀ á gbá a lọ́wọ́, á ní ṣé ó fẹ́ pa ara ẹ̀ ni. Ara ọmọ yẹn ń wá ohun tó sọ nù ni o. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohun tí mo sọ yìí pe gbogbo ẹni tó fẹ́ràn iyọ̀ ní aláìsàn. Ọ̀pọ̀ wa kàn fẹ́ràn iyọ̀ ni, kúlíkúlí àti súyà ló kọ́ wa.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló máa ń mọ̀ ọ́n lára bákan náà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan míì, bóyá kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ tàbí nígbà oyún, potassium wá jáde ní 2.8. Àwọn míì ò lè ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan pé. Kódà láàrin ọmọ ìyá kan náà tí wọ́n jọ ní in, ó lè mú ọ̀kan gan-an kó má fi bẹ́ẹ̀ yọ èkejì lẹ́nu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ AA àti AS, ó máa yé yín

Mi ò rò pé ibì kan wà láyé tí àlàyé àìsàn àjogúnbá ti rọrùn tó ilẹ̀ wa, torí pé kò sí ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ sọ́nà tí wọn ò tíì bi léèrè gẹ́nótáìpù ẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni Gitelman ń gbà. Jíìnì méjì méjì la ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí ọ̀kan ṣoṣo bàjẹ́ lára tiẹ̀ dà bíi AS, kò ní ṣàìsàn. Ẹni tí méjèèjì bàjẹ́ ló máa ní Gitelman, bí SS ṣe rí. Tí bàbá àti ìyá bá jọ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní wà nínú ewu ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí òbí tí ara wọn le koko fi lè bí i, tí ọmọ mẹ́ta fi lè wà nílé tí ẹnì kan ṣoṣo á máa ṣàárẹ̀. Níbí o, kì í ṣe ohun tó ń ṣe Àbóyadé ló ń ṣe gbogbo Ọlọ́ya.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Láàrin àwọn aláwọ̀ funfun, bí ẹnì kan nínú 100 ló gbé jíìnì tó bàjẹ́ yìí. Kí ọkọ gbé e, kí ìyàwó náà gbé e, 100 lọ́nà 100 nìyẹn, ó di 10,000. Ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ wọn ló máa ní in, ẹ sọ 10,000 di ọ̀nà mẹ́rin, ó di 40,000. Ẹnì kan nínú 40,000 náà sì ni ìwé ìṣègùn ń kọ fún wọn.

Ṣé ó wá yẹ kí tọkọtaya máa lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó? Rárá. Kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sì le tó SS. Àyẹ̀wò gẹ́nótáìpù tí wọ́n ń ṣe fún wa ò wò ó rárá. Ibi tí ìmọ̀ yìí ti wúlò ni nígbà tí wọ́n bá ti rí i lára ẹnì kan: ó yẹ kí wọ́n yẹ potassium àti magnesium àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá àti ìyá kan náà wò, kódà tí wọn ò bá ráhùn.

Oògùn tí bàbá yín ń lò ń ṣe irú ẹ̀

Ẹ lọ wo àpò oògùn BP tó wà nílé. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí hydrochlorothiazide níbẹ̀, tàbí Moduretic tí gbogbo ayé mọ̀. Ilẹ̀kùn tí mo sọ pé ó bàjẹ́ nínú Gitelman, òun gan-an ni hydrochlorothiazide ń tì. Ó ń jẹ́ kí iyọ̀ bá ìtọ̀ lọ, kí BP lè wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ní kí ẹni tó ń lò ó máa lọ yẹ potassium ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni Moduretic, torí oògùn méjì ló wà nínú ẹ̀. Hydrochlorothiazide tó ń ṣe bíi Gitelman jẹ́ ọ̀kan, amiloride jẹ́ èkejì. Amiloride yìí ń dí ibi tí potassium ń gbà jáde, àwọn dókítà sì ń lò ó láti fi tọ́jú Gitelman. Àìsàn àti oògùn ẹ̀ nínú hóró kan ṣoṣo. Kí ẹni tó ní Gitelman má wá lọ gbé Moduretic mì o, torí ìdajì rẹ̀ á tún da kún wàhálà ẹ̀ ni.

Ẹgbẹ́ Lifton kan náà tún ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2008, láàrin àwọn tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìlera wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn tó gbé ọ̀kan péré nínú jíìnì Gitelman tàbí ti Bartter tó bàjẹ́, BP wọn kéré sí ti àwọn yòókù, ẹ̀jẹ̀ ríru ò sì fi bẹ́ẹ̀ mú wọn. Wọn ò ṣàìsàn, kíndìnrín wọn kàn ń jẹ́ kí iyọ̀ díẹ̀ jò ni.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa. Wọ́n ń sọ fún ẹni tó ní Gitelman pé kó jẹ iyọ̀ bó ṣe wù ú. Fún èmi àti ẹ̀yin tí a kò ní in, kò ju gíráàmù 5 lójúmọ́ tí àjọ WHO sọ, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, pẹ̀lú èyí tó wà nínú magí àti búrẹ́dì. A ò tíì gbàgbé oṣù Kẹjọ 2014, nígbà Ebola, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù pé kí gbogbo èèyàn dìde lóru kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Ìyọnu ló dá sílẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Àyẹ̀wò tó ń ṣí ọ̀rọ̀ yìí payá kì í ṣe àyẹ̀wò àrà ọ̀tọ̀. E/U/Cr tí wọ́n ń ṣe ní láàbù gbogbo ni. Ibi tí nǹkan ti ń fò ni ojú ni bí a ṣe ń kà á. Creatinine ni ọ̀pọ̀ ń wò láti mọ̀ bóyá kíndìnrín dáa, creatinine ẹni tó ní Gitelman sì sábà máa ń dáa. Wọ́n á ní, "Kíndìnrín ẹ ò ní nǹkan kan," wọ́n á sì fojú fo potassium 3.1 tó wà lókè níbẹ̀. Ìkejì, magnesium kì í sí nínú E/U/Cr. Àfi kí dókítà kọ ọ́ lọ́tọ̀. Tí potassium yín bá ti lọ sílẹ̀, ẹ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, magnesium mi ńkọ́?"

Ohun mìíràn tún wà tí kò yẹ ká gbàgbé. Tí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà bá ti pẹ́ nínú ìgò kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ náà bá fọ́, potassium inú ẹ̀ á ga lọ́nà èké. Ẹni tó yẹ kó jẹ́ 2.9 lè jáde ní 3.8, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá ń di ẹ̀ṣẹ́ tẹ́ ẹ sì ń tú u lemọ́lemọ́ nígbà tí wọ́n ń wá iṣan. Ẹ fọwọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Tí potassium bá wá kéré lóòótọ́, dókítà á béèrè ìbéèrè tó lè dà bí ẹ̀sùn. Ṣé ẹ máa ń bì? Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn ìyàgbẹ́ tàbí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí? Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn tó ń múni tọ̀ láti fi sanra kù? Ẹ má bínú sí i. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló wọ́pọ̀ jù tó ń fà á, wọ́n sì wọ́pọ̀ ju Gitelman lọ fíìfíì. Ẹ sọ òótọ́, títí kan àgbo. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ló máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀: nínú ẹni tó ń bì, chloride inú ìtọ̀ sábà máa ń kéré, nínú Gitelman ó ń pọ̀. Wọ́n á tún ṣe ECG, èyí tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ni láyà, láti wo bí ọkàn ṣe ń lù. Àyẹ̀wò jíìnì ló máa ń fi òǹtẹ̀ lù ú, ṣùgbọ́n ìtọ́jú lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró dè é.

Ìtọ́jú rẹ̀

Kò sí oògùn tó ń tún ilẹ̀kùn yẹn kàn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí wọ́n máa fi ohun tó ń jò padà, lójoojúmọ́, títí ayé. Iyọ̀ nínú oúnjẹ ni àkọ́kọ́. Potassium chloride tẹ̀ lé e, irú èyí tí àwọn kẹ́míìsì mọ̀ sí Slow-K, àti magnesium. Nínú ìlànà tí àwọn onímọ̀ kíndìnrín lágbàáyé fẹnu kò sí lábẹ́ àjọ KDIGO, tó jáde ní 2017, wọ́n ní ká máa lé potassium 3.0 àti magnesium 0.6 mmol/L. Ẹ wò ó pé 3.0 ò tó 3.5 tó yẹ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Tí wọ́n bá ní dandan kó pé, iye hóró tí aláìsàn á máa gbé mì á ba inú ẹ̀ jẹ́, magnesium tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sì ń fa ìgbẹ́ gbuuru, èyí tó tún ń kó potassium jáde. Wọ́n á pín in sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi tó pọ̀.

Ṣé oúnjẹ nìkan ò lè ṣe é? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, omi àgbọn, iṣu, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, gbogbo wọn ló ní potassium, ẹ̀gúsí sì ní magnesium gan-an. Ẹ máa jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní nǹkan bíi 10 mmol, hóró Slow-K kan ní 8. Ó kéré tán, 40 mmol lójúmọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ní Gitelman, àwọn kan sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Potassium inú oúnjẹ kì í sábà bá chloride rìn, bẹ́ẹ̀, chloride náà ń sọ nù. Nítorí náà, oúnjẹ á ràn án lọ́wọ́, kò lè dá a ṣe.

Tí èyí ò bá tó, wọ́n lè fi amiloride, spironolactone tàbí eplerenone kún un, àwọn kan sì ń lo indomethacin. Dókítà ló ń yàn wọ́n, torí pé wọ́n lè tún fa BP wálẹ̀, indomethacin sì lè dá egbò sí inú.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ka èyí tán kó lọ ra potassium torí pé ó rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti ń kú, ohun tó ń pa á ni potassium tó pọ̀. Ọkàn lè dá dúró lójijì. Àyẹ̀wò ló ń sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́. Èyí tí wọ́n ń gbà sí ìṣàn ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti ń gbà á, wọ́n á fi omi là á, á máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì àdúgbò tó ń fa drip fúnni nílé ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Gbígbé pẹ̀lú ẹ̀

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní in ló ń dàgbà, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń bímọ, kì í sì í sábà di kíndìnrín tó kú. Ohun tó ń léni ni ọkàn. Tí potassium bá lọ sílẹ̀ gan-an, ìlù ọkàn lè dàrú, ó sì ti ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé ọkàn dá dúró. Tó bá ti wálẹ̀ ju 2.5, tàbí tí aláìsàn ò lè gbé ẹsẹ̀, tó dákú, tí ọkàn ń lù ségesège, ilé ìwòsàn ní kíá.

Ọjọ́ tí ewu pọ̀ jù ni ọjọ́ tí inú bá bàjẹ́. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ kan, tí ẹlòmíì á fi ORS yanjú, lè gbé e dé ilé ìwòsàn. Ààwẹ̀ náà gba ìrònú, yálà ti Ramadan tàbí ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbẹrẹfu ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí wákàtí méjìlá láìmu omi, láìlo oògùn, kíndìnrín ẹ̀ ò dẹ́kun jíjò. Kó bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀ kí oṣù tó lé. Tó bá lóyún, ohun tó nílò á pọ̀ sí i, ó sì yẹ kí àwọn tó ń tọ́jú oyún ẹ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ń dàgbà, orúnkún tàbí ọrùn ọwọ́ lè máa wú kó sì máa dùn ún; calcium tó ń dì sínú oríkèé nítorí magnesium tó kéré ló ń fà á, kì í ṣe làkúrègbé lásán.

Ó yẹ kó ní páálí kékeré kan nínú pọ́ọ̀sì, tí orúkọ àìsàn náà wà lára ẹ̀, pẹ̀lú àwọn oògùn tó yẹ kó ṣọ́ra fún: oògùn tó ń múni tọ̀, omeprazole tí wọ́n bá ń lò pẹ́, torí ó ń dín magnesium kù, àti àwọn tó lè da ìlù ọkàn rú tí potassium bá kéré, bíi erythromycin, azithromycin, chloroquine àti quinine. Ẹ mọ bí kẹ́míìsì wa ṣe ń fún èèyàn ní oògùn ibà láìbéèrè nǹkan kan. Kó kọ iye potassium tó sábà máa ń ní sí i pẹ̀lú, torí dókítà tí kò mọ̀ ọ́n rí lè rí 3.0 lára ẹni tó wá yọ eyín, kó ní àwọn ò ní jẹ́ kó lọ sílé lọ́jọ́ náà.